Ilẹ̀ òkè ẹ̀yìnkùlé wa ti lanu, ìgbà wo ló yẹ ká sá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ilẹ̀ tó máa ń já wálẹ̀ látorí òkè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Ìsàlẹ̀ òkè nilé wa wà, àtìgbà tójò ti ń rọ̀ léraléra nilẹ̀ tó wà lókè wa ti lanu, ó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, apá ìsàlẹ̀ ẹ̀ sì ti rì ju apá òkè lọ. Àwọn igi ibẹ̀ ti ń dagun, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ò pa dé dáadáa mọ́, omi ẹlẹ́rẹ̀ tún ń sun níbi tómi ò ti sí tẹ́lẹ̀.

Mo ti gbẹ́ gọ́tà sókè kómi má baà wọnú ibi tó lanu náà, mo fi amọ̀ dí i, ó tún là. Mo wá kan èèkàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, mo ń fi tépù wọn àárín wọn: tójò bá dá, kì í sún, tó bá rọ̀ mọ́jú, á fẹ̀ sí i. Bíríkìlà ní ká mọ ògiri dí i, àmọ́ ògiri tí ò ní ihò tómi máa gbà jáde, ṣé omi ò ní tì í wó ni? Ẹlòmíì ní ká gé igi, èmi ò gbà, gbòǹgbò wọn ló ṣì ń di ilẹ̀ mú.

A ti ń wá ẹnjiníà tó ń yẹ ilẹ̀ wò. Kó tó dé, kí la máa rí tàbí gbọ́ tá a fi máa mọ̀ pé ká kó jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an?