Ìdíje eré sísá àkọ́kọ́: kí lẹ fi ṣe àfojúsùn?

Ọmọ Sùúrùlérè:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún kìlómítà 10 nínú máratọ́ọ̀nù Èkó tó ń bọ̀ lóṣù Kejì. Mi ò sáré rí, àfi tí ẹ bá fẹ́ ka eré tí mo máa ń sá tẹ̀ lé dánfó láàárọ̀ mọ́ ọn. Bó ṣe wà yìí, mo lè sáré fún bíi ìṣẹ́jú 10 kí n tó dúró mí. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa wá ní bí mi ò bá ní í parí ẹ̀ láàárín wákàtí kan, kí n jókòó sílé, kí n má lọ fi ara mi ṣẹ̀sín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sá ìdíje rí, kí lẹ fi ṣe àfojúsùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Ṣé ọwọ́ yín tẹ̀ ẹ́?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:

Àbúrò mi, fi ọ̀gá yín sílẹ̀ o jàre. Wákàtí kan fún kìlómítà 10, ìṣẹ́jú 6 fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan nìyẹn, láìdúró, láìrìn, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó ti ń sáré tipẹ́ lè máa fi ìyẹn ṣeré. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kọ́ là á sọ ọ́ fún. Bi í léèrè bóyá òun alára ti sá a rí.

Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ ni mí, ìdí máṣíìnì ni mo máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́, ẹ̀yìn ríro ló sì lé mi jáde. Inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni mo ti ń sá tèmi, torí pé ọkọ̀ kì í pọ̀ níbẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ibòòji igi sì wà. Nígbà tí mo forúkọ sílẹ̀ fún kìlómítà 10 l'Ékòó, gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ń bi mí pé, "Ìṣẹ́jú mélòó lẹ fẹ́ fi sá a?" Mo kàn ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín ni. Ta ní í gé aṣọ nígbà tí kò tíì wọn oníbàárà?

Mo ní sùúrù títí mo fi lè sá kìlómítà 5 láìdúró. Lẹ́yìn náà ni mo wá yan ọjọ́ kan tí ara mi yá gágá, mo ní kí fóònù máa bá mi ṣọ́ aago, mo sá kìlómítà 5 yẹn bí agbára mi ṣe mọ. Ìṣẹ́jú 44. Ọmọkùnrin mi ló wá fi ìṣirò kan hàn mí, èyí tí ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Peter Riegel ti gbé jáde láti àwọn ọdún 1970. Ohun tí ọkùnrin náà ń wí kò le: tí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, àkókò máa ju ìlọ́po méjì lọ díẹ̀, torí á ti máa rẹ èèyàn. Ìlọ́po méjì 44 jẹ́ 88. Fi bíi 4 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ lé e, ó di ìṣẹ́jú 91 ó lé díẹ̀. Ìyẹn ni pé kí oòrùn má sí, kí èrò má dí ọ̀nà, kéèyàn sì ti fi ẹsẹ̀ mọ ọ̀nà jíjìn dáadáa kí ọjọ́ tó pé. Ṣé Èkó ni kò wá ní í sí oòrùn, àbí èrò? Mo bu ìṣẹ́jú díẹ̀ lé e.

Bí mo ṣe ní àfojúsùn méjì nìyẹn. Èyí tí mo sọ fáyé gbọ́ ni pé mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi dé òpin. Èyí tí mo fi sínú, tí ọkọ mi pàápàá ò mọ̀, ni ìṣẹ́jú 95.

Nígbà tó dọjọ́, bí wọ́n ṣe ní ká máa lọ báyìí ni gbogbo èèyàn fò yọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya fídíò ara wọn, àwọn ìyá tó wọ aṣọ ẹgbẹ́, àwọn ọmọ iléèwé, gbogbo wọn ló gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ẹ ẹ̀ mọ bó ṣe dùn mí tó! Ẹsẹ̀ mi fẹ́ máa bá wọn lọ. Mo wo aago, mo rí i pé bí mo ṣe rọra ń lọ yẹn náà, ìṣẹ́jú 8 ààbọ̀ ni mo fi sá kìlómítà àkọ́kọ́, ó sì ti yá ju ohun tí mo pinnu lọ. Mo fà á sẹ́yìn. Nígbà tí a fi máa dé nǹkan bíi kìlómítà 4, àwọn kan nínú àwọn tó fò yọ ti di orúnkún mú lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Níbi tí wọ́n ti ń pín omi, ọ̀rá píọ̀wọ́tà ti tẹ́ ilẹ̀ lọ súà, ó ń yọ̀. Ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà mi, ó ń dún pá, pá, pá, títí mo fi dúró já a kúrò. Ṣé Riegel ka ìyẹn mọ́ ìṣirò ẹ̀?

Ìṣẹ́jú 98 ni mo fi wọlé. Èyí tí mo sọ fáyé ṣẹ, èyí tó wà nínú ku ìṣẹ́jú 3. Àwo ìrẹsì méjì ni mo jẹ lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó bi mí.

Ará Peckham:

Ìyá Ìbejì, mo kí yín o, ẹ kú ìnáwó ẹsẹ̀. Ìlú London lèmi wà, tèmi ò sì tó kìlómítà 10.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, nọ́ọ̀sì kan ní kí n gbé áàpù Couch to 5K ti NHS, àjọ ìlera ìjọba níbí, sórí fóònù; ó máa ń kọ́ ẹni tí kò sáré rí títí á fi lè sá kìlómítà 5. Ọ̀sẹ̀ 9 ni wọ́n ṣètò ẹ̀ sí, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ò le rárá: sáré fún ìṣẹ́jú kan, rìn fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, kó o máa pààrọ̀ ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni ìjà wà. Ọjọ́ kẹta ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n á ní kó o sá ìṣẹ́jú 20 gbáko láìrìn. Mo tún ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe, mo tún un tún ṣe. Kò sẹ́ni tó mú mi. Àwọn tó kọ 9 síbẹ̀ ò bá mi gbé arúgbó dìde lóru.

Parkrun ni mo kà sí ìdíje àkọ́kọ́ mi. Kìlómítà 5 ni, ọ̀fẹ́ ni, àárọ̀ Sátidé ní aago 9. Èèyàn 13 péré ló sá èyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Bushy Park lọ́dún 2004, àmọ́ ó ti kárí ayé báyìí. Àwọn tó ń ṣètò ẹ̀ ní kì í ṣe ìdíje. Aago ṣáà ń ka, nítorí náà ìdíje ni lójú tèmi. Ti Burgess Park ló sún mọ́ mi jù, látibi iṣẹ́ ni mo sì ti máa ń bọ́ síbẹ̀.

Àfojúsùn mi? Kí n má ṣáà ti gbẹ̀yìn. Mo débẹ̀ tán ni mo gbọ́ pé wọ́n ní ẹnì kan tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa bọ̀ lẹ́yìn gbogbo èèyàn, kí ẹlòmíì má bàa gbẹ̀yìn. Àfojúsùn mi ti ṣẹ kí n tó so okùn bàtà! Ibi tí mo ti ń ronú ìyẹn lọ́wọ́ ni ìyá arúgbó òyìnbó kan, irun ẹ̀ funfun báláú, ti yà mí sílẹ̀. Ó tún yíjú kí mi kú iṣẹ́.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àfojúsùn tó bá rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹlòmíì, ọwọ́ ẹlòmíì ló wà. Bí àwọn tó yára bá pọ̀ lọ́jọ́ kan, o ti fìdí rẹmi láìṣe nǹkan kan. Mo pa tìyẹn tì, mo ní kí n sá gbogbo ẹ̀ láìrìn. Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ Sátidé, ó sì pàpà ṣẹ.

Ọmọ Ọ̀ṣun:

Ẹ má bínú o, èmi ò fẹ́ ká fi aago ṣe ọ̀tá. Tí kò bá sí iye kan pàtó lójú mi, orí ibùsùn ni mo máa ń wà. Ìṣẹ́jú 70 ni mo kọ sára ògiri, mo fi 71 wọlé, inú mi sì dùn dọ́ba. Àmọ́ mo ti ń sá kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú 7 nínú ìgbaradì kí n tó kọ ọ́ o, mi ò já a látojú sánmà.

Ohun míì ni pé kí Ọmọ Sùúrùlérè wádìí ìgbà tí wọ́n máa ṣí títì padà fún ọkọ̀. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje máa ń ní àkókò tí gbogbo ẹ̀ ń parí. Ìyẹn nìkan ni iye ìṣẹ́jú tó di dandan kéèyàn mọ̀.

Bàbá Olùkọ́, Abẹ́òkúta:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Eré ìdárayá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama títí mo fi fẹ̀yìn tì. Lórí aago tẹ́ ẹ ń fà yìí, èmi ò gbè sápá kankan, ojú ọ̀nà ló ń sọ ọ́.

Okpekpe ni mo ti sá kìlómítà 10 mi àkọ́kọ́, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ọdún 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá sì ti débẹ̀ rí mọ̀ pé òkè ń bẹ lọ́nà. Mo mọ iye ìṣẹ́jú tí mo ń lò fún kìlómítà kan lórí títì tó tẹ́jú, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fìyẹn ṣe lórí òkè? Mo tú aago, mo kì í sápò, mo ní èémí ni mo máa wò. Oríkì ni mo fi máa ń wọ̀n ọ́n. Bí àwọn ọmọ iléèwé bá ń sá, mo máa ń ní kí wọ́n máa ki oríkì ìdílé wọn. Ẹni tó bá lè ki ìlà kan délẹ̀ kó tó mí, eré ẹ̀ bá ara ẹ̀ mu. Ẹni tó bá ń gé e wẹ́wẹ́, kó dẹwọ́. Ẹni tó bá ń fi kọrin, ó ń ṣeré ni, kó múra sí i. L'Ókpekpe, "Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí" lèmi ń wí gun òkè. Tó bá ti di pé "Ẹ̀gbá ọmọ" ni mo wí tí èémí fi gé, mo máa rìn títí Lísàbí á fi padà sẹ́nu mi.

Rírìn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Jeff Galloway, tó sá kìlómítà 10 fún Amẹ́ríkà ní Òlíḿpíìkì Munich lọ́dún 1972, sá-díẹ̀-rìn-díẹ̀ ló fi kọ́ àìmọye èèyàn. Àṣírí ẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kó rẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó rìn. Láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń fi rírìn là á.

Ẹ kíyè sí oòrùn dáadáa. Òógùn tó ń kán sílẹ̀ kì í mú ara tutù, èyí tó bá gbẹ lára ló ń ṣe é. Omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ Èkó, òógùn kì í tètè gbẹ níbẹ̀. Ọkàn á wá máa darí ẹ̀jẹ̀ lọ sí awọ ara kí ooru lè jáde, ìpín ẹsẹ̀ á sì dín kù. Eré kan náà tó rọrùn ní aago 6 á di ogun ní aago 9. Ẹni tó bá fi eré ìdájí ṣe òṣùwọ̀n ọjọ́ ìdíje, oòrùn á dá a lóhùn.

Ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn máa ń tètè mọ iṣẹ́, egungun àti iṣan tó so ẹran ara mọ́ ọn kì í yára bẹ́ẹ̀. Èémí á ní ó yá, ká lọ, ojúgun á ní rárá. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń fo bí ìgalà. Mo dá a dúró lọ́sẹ̀ méjì torí pé tí mo bá fi ìka tẹ ojú kan báyìí lójúgun ẹ̀, á fà sẹ́yìn. Ó sunkún, ó ní ìdíje ti kù díẹ̀. Ìrora tó bá tàn ká ojúgun lè jẹ́ ti iṣẹ́ tó pọ̀. Èyí tó bá dúró sójú kan, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, torí egungun lè ti fẹ́ máa sán.

Ọmọ Sùúrùlérè, ìṣẹ́jú 10 tó o lè sá yẹn kò kéré. Sọ ọ́ di 12, kó o lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, kó o tó fọwọ́ kan 15.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki tèmi láti ìdí máṣíìnì.

Àbúrò mi, bàtà tuntun kọ́ ni wàá wọ̀ lọ́jọ́ yẹn o, èyí tí ẹsẹ̀ ẹ ti mọ̀ ni. Kódà kó jẹ́ òkìrìkà, tí kò bá ti bó ọ lẹ́sẹ̀, òun ni kó o wọ̀. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kó o jẹ ohun tí o kò jẹ rí láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje. Ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ lèmi jẹ, bíi wákàtí méjì ṣáájú. Tó o bá ti lè sá kìlómítà 5 láìdúró, yálà kó tó di Kérésì ni o tàbí lẹ́yìn ẹ̀, wá kọ iye ìṣẹ́jú ẹ̀ síbí, ká jọ ṣírò ẹ̀.