Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: quad wo ni kí n rà fún òkè àti ọ̀nà igbó tó le?

Ọmọ Ìdànrè (Columbus, Ohio)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń bá àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ gun quad, ìyẹn alùpùpù onítáyà mẹ́rin tí wọ́n fi ń rin inú igbó, ní West Virginia, lójú ọ̀nà igbó tí wọ́n ń pè ní Hatfield-McCoy. Fún ẹni tí kò tíì débẹ̀ rí, ọ̀nà náà ju 1,000 máìlì lọ, àárín òkè ló ń gbà káàkiri, lágbègbè tí wọ́n ti ń wa èédú. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀: àwọ̀ ewé rọrùn, búlúù le díẹ̀, dúdú ló le jù. Ọmọ Ìdànrè ni mí, wọ́n bí mi sáàárín òkè, mi ò lè rí èyí tó ga kí n dúró nísàlẹ̀ kí n máa wò ó.

Àlòkù 250 (bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe tóbi tó nìyẹn, 250cc) ni mò ń gùn báyìí. Ó ṣe mí lóore lójú ọ̀nà tó rọrùn. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, a dé òkè kan ní Bearwallow, nítòsí ìlú Logan. Ó dà bí àtẹ̀gùn ilé, òkúta wẹ́wẹ́ ló bo ojú rẹ̀, gbòǹgbò igi sì yọrí láàárín wọn. Àwọn mẹ́ta tó ṣáájú mi ti gòkè. Mo fi sí jíà kejì, mo ṣí iná fún un. Ó ku nǹkan bí 20 ẹsẹ̀ bàtà kí n dórí ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Kí n tó já a sí jíà kìíní, eré ti tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ padà sẹ́yìn. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ búréèkì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ gbáà, ni iwájú bá gbéra nílẹ̀. Mo fò bọ́ sápá òsì. Quad yí gbiri lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ fara ti igi. Orúnkún mi bó, kò sí nǹkan míì, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Mo fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Owó tó wà lọ́wọ́ mi jẹ́ $8,000, ìyàwó mi sì ti fọwọ́ sí i, bí owó akoto àti bàtà gidi bá ṣáà wà nínú rẹ̀. Mo ga tó 5 ẹsẹ̀ bàtà àti 11 ínṣì, mo sì wọn 210 pọ́ùn. Mẹ́ta ló wà lọ́kàn mi: Yamaha YFZ450R, Yamaha Raptor 700R, àti Can-Am Renegade. Ọ̀rẹ́ mi kan ní 450 ni, torí òun làwọn tó ń díje ń gùn. Èkejì ní tí kì í bá ṣe èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, mò ń tan ara mi jẹ ni. Eré nínú igbó àti gígun òkè ni mo fẹ́ fi ṣe. Èwo ni kí n mú?

Bàbá Ìbejì (Charleston, West Virginia)

Àbúrò, o kú ewu. O kú orí ire pẹ̀lú, torí mo mọ irú òkè tó ò ń sọ yẹn.

Raptor 700R ni kó o rà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 686cc, písítìnì kan ṣoṣo ló ní, ìsàlẹ̀ ni agbára rẹ̀ sì ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń rọra yí. Bó o bá fi àtàǹpàkò tì í díẹ̀, ó ti gbé ọ lọ. Ti 450 kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí kíkankíkan ni agbára tiẹ̀ ń dé, ó dìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké gidi kó tó tú u jáde fún ọ. Lórí pápá ìdíje, níbi tí àyè gbà ọ́ láti kó eré jọ, kò sóhun tó dùn tó o. Ṣùgbọ́n nínú igbó wa níbí, wàá yọ láti kọ́nà tóóró kan, òkè á ti dúró níwájú rẹ bí ògiri. Níbo lo ti máa rí àyè kó eré jọ?

Ohun kejì ni rìfáàsì. Raptor ní in, YFZ450R kò ní. Ẹni tí kò bá tíì há sí ìdajì òkè, tí imú quad rẹ̀ wọ àárín igi méjì, lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi fa 450 sẹ́yìn lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rí, ohun tó wọn ju 400 pọ́ùn lọ. Èmi níwájú, òun lẹ́yìn, ẹrẹ̀ dé orúnkún. Ọjọ́ kejì, mi ò lè nàró.

Fífẹ̀ náà ńkọ́? Raptor jẹ́ 46 ínṣì, YFZ450R sún mọ́ 49. Lójú ọ̀nà tó há, ínṣì mẹ́ta yẹn ló máa ń gbé táyà lu igi.

Àmọ́ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ, 250 nìkan kọ́ ló dà ọ́. Ohun méjì lo ṣe. Ìkíní, ìsàlẹ̀ òkè la ti ń yan jíà. Bó o bá dé ìdajì kó o tó máa wá jíà, ó ti bọ́. Èkejì, ẹsẹ̀ tó o fi tẹ búréèkì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló gbé iwájú sókè. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ wa ní kíláàsì ATV Safety Institute, àwọn tó ń kọ́ni ní ààbò lórí quad: bí quad bá ń yọ̀ padà, tẹ gbogbo ara rẹ síwájú, sí apá òkè, kó o rọra máa fún búréèkì iwájú, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dúró pátápátá. Ìgbà yẹn lo tó lè tẹ ti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, apá òkè ni kó o bọ́ sí, tàbí ẹ̀gbẹ́ bí imú rẹ̀ bá dojú kọ òkè gan-an. Má bọ́ sápá ìsàlẹ̀ láéláé. Lọ forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì yẹn. Bí wọ́n bá gbé 1,000cc fún ẹni tí kò mọ èyí, ìjàǹbá rẹ̀ á kàn tóbi sí i ni.

Káyọ̀dé_450

Bàbá Ìbejì, mo bọ̀wọ̀ fún yín sà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbèjà 450 díẹ̀.

Bí ọ̀nà bá kún fún gegele, tẹ́ ẹ sì fẹ́ sáré lórí rẹ̀, YFZ450R kì í mì. Wọ́n ṣe é fún kéèyàn fò kó sì balẹ̀. Mo ti gùn méjèèjì, Raptor máa ń ta mí sókè bí eré bá ti pọ̀ jù. Ti agbára ìsàlẹ̀ tẹ́ ẹ sọ, èèyàn lè yọ sprocket (àgbá eléyín tó ń fa ṣéènì) iwájú tó léyín 14, kó fi eléyín 13 sí i. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Mo ṣe é sí tèmi, ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn gbangba lórí òkè. Eré tó lè sá jù nìkan ló máa dín kù, ta ló sì ń sá irú eré bẹ́ẹ̀ nínú igbó?

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Ìdànrè, pápá ìdíje ni mo ti ń gùn jù, 160 pọ́ùn péré sì ni mí. Ọ̀rọ̀ rìfáàsì, mi ò lè jiyàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fáàfù márùn-ún tó wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, titanium ni, wọ́n ń fẹ́ àyẹ̀wò lásìkò. Bí ẹ ò bá fẹ́ràn kẹ́ ẹ máa tú nǹkan palẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Sista Ṣadé (Knoxville, Tennessee)

Èmi ni mò ń gun Renegade. Ẹni tó sọ fún yín pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yẹ kó máa fà kò parọ́ pátápátá. Bí òjò bá ti rọ̀, tí amọ̀ pupa yẹn di ọṣẹ, mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ọkùnrin kọjá níbi tí táyà ẹ̀yìn wọn ti ń yí lójú kan. Lórí òkúta ńlá, mo kàn rọra ń gùn ún lọ ni. Kò ní clutch tí èèyàn ń fọwọ́ tẹ̀, bẹ́líìtì ló ń yí i, ẹ́ńjìnnì kò lè kú mọ́ mi lọ́wọ́ lórí òkè.

Ṣùgbọ́n ó wọn ju 700 pọ́ùn lọ. Ẹ fojú inú wo ohun tí ẹ sọ pé ó yí gbiri lẹ́ẹ̀mejì yẹn, kó jẹ́ pé 700 pọ́ùn ni, kó sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi kò lè dá gbé e dìde. Bó bá sì jẹ́ eré lẹ fẹ́, ká máa fi ara darí rẹ̀ bọ́ sí kọ́nà, quad tó fúyẹ́ ló ń gbà fúnni. Yàtọ̀ síyẹn, $8,000 ò lè ra èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì lò já. Bí ẹnì kan bá sì fi Polaris Scrambler XP 1000 S lọ̀ yín, 55 ínṣì ni fífẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà inú igbó ìjọba ni kì í gba ohun tó bá ju 50 ínṣì lọ.

Ohun tó ń dùn mí lọ́kàn jù rèé, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo wa tá a kọ́ ọ̀kadà nílé ká tó dé ibí. Ọ̀kadà ti kọ́ wa pé bó bá fẹ́ ṣubú, ká fẹsẹ̀ tilẹ̀. Lórí quad, ẹsẹ̀ tó bá kan ilẹ̀, táyà ẹ̀yìn ló ń bọ̀ wá gùn ún. Àbúrò mi ọkùnrin wá kí mi láti Ìbàdàn, ó ti gun ọ̀kadà ju ọdún mẹ́wàá lọ, mo sì gbà á láyè pé kó gbìyànjú rẹ̀ wò lẹ́yìnkùlé. Kọ́nà àkọ́kọ́, ó na ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀. Táyà fà á wọlẹ̀ láti gìgísẹ̀, ó gun ojúgun rẹ̀. Mo gbọ́ ìró egungun yẹn láti ibi tí mo dúró sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló fi wà nínú POP. Èmi ni mo gbé kọ́kọ́rọ́ fún un, n kò sì kìlọ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí ìtẹ̀sẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ ra bàtà tó ga dé ojúgun kẹ́ ẹ tó ra quad.

Wálé Mẹkáníìkì

Gbogbo wọn ti sọ tán. Raptor ni. Àlòkù lẹ máa rà, torí náà ẹ gbọ́ tèmi.

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan án kẹ́ ẹ tó dé. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi kan ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ bi í pé kí ló ń fi pamọ́, torí ìgbà tó tutù ni àrùn ẹ́ńjìnnì ń hàn. Ẹ ṣí ìjókòó, ẹ yọ fítà afẹ́fẹ́, kẹ́ ẹ sì ti ìka bọ inú ihò tó wà lẹ́yìn fítà náà. Bí ìka bá jáde pẹ̀lú iyanrìn, ẹ́ńjìnnì yẹn ti jẹ erùpẹ̀. Ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹ gbé ìdí rẹ̀ sókè, ẹ yí táyà ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ wo ẹnu rím. Bó bá ń jó, áásù ti tẹ̀. Ẹ di táyà iwájú mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í. Bó bá ń ró kó-kó-kó, ball joint, oríkèé tó di táyà iwájú mú, ti lọ. Ẹ dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ férémù: ọ̀dà tuntun lójú kan ṣoṣo, wẹ́dà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà ara férémù àti ti inú ìwé gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Bí kò bá síwèé, kò sí ọjà.

Ọmọ Ìdànrè

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Sista Ṣadé, mo ka tiyín fún ìyàwó mi sétí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà la ra bàtà.

Èyí tí mo kọ́kọ́ lọ wò, Raptor ọdún 2014, wọ́n ń gba $5,000. Ó mọ́ lójú, ó ń dán. Mo fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ó gbóná. Mo ti ìka bọ ẹ̀yìn fítà bí Wálé ṣe wí, iyanrìn dúdú bò ó dé oríkèé kejì. Ẹni tó ń tà á ò bá mi jiyàn, ó kàn dín $700. Mo dúpẹ́, mo padà sílé.

Èkejì, ọdún 2017, ìyá arúgbó kan ló ń tà á, ọmọ rẹ̀ ti wọṣẹ́ ológun. Ó tutù bí omi àmù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn. Táyà ẹ̀yìn yí gbọọrọ láìjó, ìwé rẹ̀ pé. $6,300 ni mo san. Owó akoto, ìbọ̀wọ́ àti kíláàsì sì ṣẹ́ kù síbẹ̀, mo ti forúkọ sílẹ̀ fún Sátidé yìí.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé kí n yọ sprocket iwájú bí Káyọ̀dé ṣe ṣe? Afẹ́fẹ́ táyà ńkọ́?

Bàbá Ìbejì

O kú oríire. Má fọwọ́ kan sprocket. 450 ló nílò rẹ̀, 700 kò nílò rẹ̀. Bó o bá tún fi kún agbára ìsàlẹ̀ tó ti ní, iwájú á máa gbéra lọ́wọ́ rẹ lórí òkè. Gùn ún bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ná.

Afẹ́fẹ́, nǹkan bí 5 psi ni, ìgbà tí táyà bá tutù ni kó o wọ̀n ọ́n. Gáàjì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í ka ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ dáadáa, ra gáàjì quad. Wo ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ náà.

Má tíì padà sí òkè tó dà ọ́ o. Bó o bá ti parí kíláàsì, máa bọ̀ ní ìlú Man, kí èmi àti ìwọ gba ọ̀nà Rockhouse, ọ̀kan lára ọ̀nà Hatfield-McCoy. Búlúù la máa fi bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Òkè kan wà níbẹ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, tí kò ní òkúta. Màá dúró lórí rẹ̀, ìwọ á máa gùn ún wá bá mi ní jíà kejì, wàá yí padà lókè, wàá sọ̀ kalẹ̀, wàá tún gùn ún, títí ọwọ́ àti ara rẹ á fi mọ̀ ọ́n láìrò ó. Gbé omi púpọ̀ dání.