Ẹ gbà mí o: kí ni "insists" túmọ̀ sí níbí?

Ọmọ Òkè, Manchester: Ẹ̀yin ará, ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ṣáájú mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé "Daughter insists he takes his tablets at 8." Mo ní ọmọ ló ń tẹnu mọ́ ọn pé bàbá máa ń dá lo oògùn láago mẹ́jọ. N kò fún un. Wọ́n ní kí n kọ àlàyé wá kó tó di aago márùn-ún. Ṣé kí n fi "I insist that I did nothing wrong" bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Peckham: Àbúrò mi, má kọ ọ́! Nígbà tí bọ́ílà bàjẹ́, mo fi "I insist" ránṣẹ́ sí onílé mi. Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ tó le díẹ̀ ni, àṣẹ ló kà á sí. Nígbà tí àdéhùn ilé parí, kò sọ ọ́ dọ̀tun. Inú òjò ni mo ti kó ẹrù, tèmi tọmọ.

Bọ̀dá Houston: Ọmọ Òkè kò jẹ̀bi. Tó bá jẹ́ pé dandan ni ọmọ yẹn fi lé e, "he take" ni wọn ì bá kọ, láìsí s.

Leeds: Bọ̀dá, Amẹ́ríkà nìyẹn. Níbí, s lè wà fún méjèèjì, fún títẹnumọ́ àti fún dandan. Ẹni tó kọ ọ́ ni kò là á yéni.

Bọ̀dá Houston: Ẹ ò rí i pé Gẹ̀ẹ́sì tiwa mọ́lẹ̀ ju tiyín lọ?

Ìyá Ìbejì, Peckham: Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ṣòkòtò ní "pants", tó jẹ́ pátá níbí!

Leeds: Ti ọ̀yàyà tún wà o. Ọ̀gá mi ní kí n wá jẹun, mo ní rárá, mo ń retí "I insist". Wọ́n gbé àwo lọ! Tebitebi ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin.

Swansea: Lọ́dọ̀ ìyá mi l'Abẹ́òkúta, o ò ní jáde láìjẹ láfún.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Láfún kẹ̀? Àmàlà Ìbàdàn ńkọ́? Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí ẹnì kan ti sọ fún mi gbẹ̀yìn pé dandan ni kí n jẹun. Omi ti bọ́ lójú mi báyìí.

Ọmọ Òkè, Manchester: Ẹ̀yin àgbà, aago mẹ́rin ti kọjá. Mo ti yọ "I insist" kúrò. Ṣé kí n wá sọ pé mo ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ ni?

Leeds: Da ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn kọ bó ṣe wà gan-an. Bàbá yẹn ńkọ́?

Ọmọ Òkè, Manchester: Ara wọn yá. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Swansea: Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè fi èlùbọ́ láfún ránṣẹ́ sí mi?