Ẹ gbà mí o: báwo ni mo ṣe lè rí asẹ́ tó dára fún tánkì ẹja tó ń ṣàìsàn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja ọ̀ṣọ́. Mo ra goldfish tuntun kan, mo sì dà á mọ́ àwọn ti tẹ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò ju ọjọ́ 5 lọ tí àmì funfun bíi hóró iyọ̀ fi bo ìrù rẹ̀, tó ń fi ara ha òkúta. Méjì nínú àwọn àgbà ti kú. Ó dùn mí wọra.

Mo ti wá ya tánkì 40 lítà sọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni èyíkéyìí tí mo bá rà yóò máa dá gbé fún ọ̀sẹ̀ 4. N kò da yanrìn sí i, kí n lè máa rí ìgbẹ́ wọn kó.

Asẹ́ omi ló dà mí lọ́kàn rú. Asẹ́ tuntun kò tíì ní àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ammonia, ìyẹn májèlé tó ń ti ara ẹja àti ìgbẹ́ wọn wọ inú omi. Wọ́n ní kí n ki fóòmù rẹ̀ bọ inú tánkì ńlá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó lè kó wọn, àmọ́ tánkì ńlá yẹn gan-an ló ti kó àrùn! Ṣé kí n kúkú máa pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ni? Tí mo bá sì ń pààrọ̀ rẹ̀, báwo ni mo ṣe máa wọn oògùn tí kò fi ní dínkù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti ṣe é rí, ẹ dá mi lóhùn.