Báwo ni kí n ṣe máa bọ́ àwọn ọmọ ológbò mi bí wọ́n ṣe ń dàgbà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ológbò. Ológbò mi bí ọmọ mẹ́ta, wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ 6 báyìí. Wọ́n ṣì ń mu ọmú, ṣùgbọ́n ìyá wọn ti ń sá fún wọn torí eyín wọn ti mú. Oúnjẹ ọmọ ológbò ni mo ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pò fún wọn kó lè rọ̀. Mi ò fún wọn ní wàrà màlúù rárá, torí ó lè jẹ́ kí wọ́n máa ya ìgbẹ́ gbuuru.

Èyí tó kéré jù nínú wọn ló ń kó ìdààmú bá mi. Àwọn méjì yòókù a máa tì í kúrò nídìí àwo, kó tó yíjú padà, oúnjẹ ti tán. Ṣé kí n máa bu tirẹ̀ sọ́tọ̀? Mo mọ̀ pé ọmọ ológbò sábà máa ń fi nǹkan bí 100 gíráàmù wúwo sí i lọ́sẹ̀ kan, tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ yá, ó sì ń ṣeré. Ṣé kí n ṣì ní sùúrù, àbí kí n tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko?

Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni mò ń fún wọn lóúnjẹ, torí ikùn wọn kéré. Ìgbà wo ni kí n dín in kù sí ẹ̀ẹ̀mẹta? Oúnjẹ gbígbẹ ńkọ́, ṣé díẹ̀díẹ̀ ni kí n máa dín omi rẹ̀ kù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ wọn dàgbà rí, ẹ sọ bí ẹ ṣe ṣe tiyín fún mi.