"Jọ́nà gbájúẹ̀" ni mo fara mọ́

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Orúkọ Yorùbá wo la ó fún àwọn jọ́nà, ìyẹn ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń gbé ìwádìí wọn jáde nínú rẹ̀, tó ń gbowó lọ́wọ́ olùkọ́ yunifásítì, tí wọ́n ní àwọn ọ̀mọ̀wé ti yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, tẹ́nikẹ́ni ò sì wò ó? Ẹnì kan ti dábàá "jọ́nà apẹranjẹ". Mo mọ ibi tó ti rí i. Jeffrey Beall, tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Colorado ní Denver, ló fi ọ̀rọ̀ ẹranko tó ń pa ẹran jẹ pè wọ́n ní 2010, Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé kìnnìún máa ń purọ́ fún àgbọ̀nrín ni? Agbára ló fi ń jẹun. Irọ́ ni tàwọn wọ̀nyí.

Ẹ wo ẹjọ́ OMICS, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Hyderabad, ní Íńdíà. Àjọ FTC ti Amẹ́ríkà, tó ń dáàbò bo oníbàárà lọ́wọ́ ẹ̀tàn, pè é lẹ́jọ́ ní 2016. Ní 2019, adájọ́ ní kó san owó tó lé ní mílíọ̀nù 50 dọ́là. OMICS ní àyẹ̀wò ń lọ, kò lọ. Wọ́n to orúkọ àwọn ọ̀mọ̀wé tí kò bá wọn ṣàdéhùn mọ́ ti àwọn olóòtú. Wọn ò dárúkọ owó títí wọ́n fi gba iṣẹ́ tán. Gbájúẹ̀ pọ́ńbélé! Ẹni tí kò wọ yunifásítì rí gan-an á gbọ́ ọ yé.

Ẹ lè ní àwọn olùkọ́ kan ń mọ̀ọ́mọ̀ sanwó níbẹ̀ torí ìgbéga. Òótọ́ ni, àwọn yẹn kì í ṣe ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì. Àmọ́ ìgbìmọ̀ tó ń ka iṣẹ́ wọn ńkọ́? Ilé ìkàwé tó to irú jọ́nà bẹ́ẹ̀ mọ́ ìwé gidi ńkọ́? Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n lù ní jìbìtì.

"Jọ́nà ayédèrú" ò burú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi í pa mọ́ fún àwọn tó jí orúkọ àti ISSN, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá jọ́nà kọ̀ọ̀kan mọ̀, jọ́nà gidi lò. Ìyẹn ni ayédèrú.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ ẹni tó máa kọ ìtumọ̀ náà: tó bá ń ṣàlàyé orúkọ yìí, kó má kọ "jọ́nà kéékèèké" tàbí "jọ́nà ilẹ̀ òkèèrè" síbẹ̀. Elsevier, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ jọ́nà, tóbi tó bó ṣe tóbi, ó jẹ́wọ́ ní 2009 pé láàárín 2000 sí 2005, ẹ̀ka òun ní Ọsirélíà gbé ìwé mẹ́fà tí àwọn ilé iṣẹ́ oògùn sanwó rẹ̀ jáde bíi jọ́nà gidi, láì sọ ẹni tó sanwó. Ìṣe ni ká fún lórúkọ, kì í ṣe ilé.