Òfìfo kọ́ ni àìsí ohunkóhun

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Níbi tí a ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan fún ipò tí kò ti sí ohunkóhun rárá, ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé "òfìfo" ni ká máa pè é. Kí wọ́n jọ̀wọ́ gbà mí láyè kí n ta kò wọ́n díẹ̀. Wọ́n ní ká dijú, ká fojú inú wo ìgbà tí nǹkan kan ò tíì sí, pé òfìfo la máa rí. Mo dijú. Òkùnkùn ni mo rí. Òkùnkùn náà lókè, ó nísàlẹ̀, èmi alára sì wà níbẹ̀ tí mò ń wò ó. Ìyẹn ti pọ̀ jù fún ohun tí kò sí.

Òfìfo kì í dá wà. Igbá ní í ṣófo, ìgò ní í ṣófo, ọwọ́ àlejò tí kò mú nǹkan wá ní í ṣófo. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kí àwọn onímọ̀ físíìsì máa lò ó fún ibi tí wọ́n bá ti fa afẹ́fẹ́ jáde. Ní Magdeburg, ní Jámánì, lọ́dún 1657, onímọ̀ físíìsì kan, Otto von Guericke, da abọ́ bàbà ńlá méjì dé ara wọn lẹ́nu, ó fa afẹ́fẹ́ inú wọn jáde, ó wá so ẹṣin mẹ́jọ mọ́ apá kìíní, mẹ́jọ mọ́ apá kejì. Ẹṣin 16 fà á títí, kò ya. Afẹ́fẹ́ ìta ló ń tẹ̀ wọ́n pọ̀. Òfìfo gidi nìyẹn: ó ní ògiri, a lè wọn bó ṣe tóbi tó, ìmọ́lẹ̀ sì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Bí a bá tún wá fi ọ̀rọ̀ kan náà pe àìsí ohunkóhun, kí la ó máa pe ti Guericke? (Ká má tilẹ̀ tíì sọ ti àwa tí a kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀. Òfo, ìkejì òfìfo, á kàn di òfò, ìyẹn àdánù, oníṣòwò ló sì ni ìyẹn.)

Ẹlòmíràn mú "asán" wá. Ohun tí a bá pè ní asán wà, kò kàn já mọ́ nǹkan ni. Òdo ńkọ́? Iye ni.

Àwọn baba wa pàápàá kò bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ibi tí kò sí nǹkan. Nínú ìtàn náà, nígbà tí àwọn òrìṣà ń ta ẹ̀wọ̀n sọ̀kalẹ̀ sí Ifẹ̀, tòun ti erùpẹ̀ àti adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, omi ti wà nísàlẹ̀, ọ̀run ti wà lókè. Nínú Jẹ́nẹ́sísì Yorùbá náà, ayé ṣófo lóòótọ́, àmọ́ omi wà, òkùnkùn sì wà lójú ibú.

"Àìsí ohunkóhun" ni tèmi. "Àìsí" nìkan kò tó, torí àìsí ẹnì kan níbì kan ni: àìsí nílé ológbò ló sọ ilé di ilé èkúté. Ẹnu wa kò sì ní orúkọ fún nǹkan yìí látilẹ̀. "Kò sí nǹkan kan" la máa ń wí, odindi gbólóhùn. N ò ka ìyẹn sí àléébù. Tí a bá ti fún un lórúkọ, a ó máa wá ojú rẹ̀ kiri, a ó máa bèèrè báwo ló ṣe rí. Ohun tó bá wà ló ń rí bákan.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ gbìyànjú láti fojú inú wo àìsí ohunkóhun, kó má dijú. Kó lajú sílẹ̀, kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ń rí ní ìpàkọ́ ara rẹ̀ báyìí. Òwe ti ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí. Kò dúdú níbẹ̀, kò funfun, ìríran ni kò débẹ̀. N ò mọ ohun tó sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ìpàkọ́ ṣì wà.

Kí àwọn tó mọ̀ nípa àkọtọ́ wá bá wa dá sí i: ṣé ká kọ "àìsí ohunkóhun" lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àbí ká pa ìró jẹ, kó di "àìsóhunkóhun", bó ṣe ń jáde lẹ́nu? Èmi fara mọ́ èyí tó kẹ́yìn.